Ìdẹ Oníhò: Ọgbọ́n Tí Eyín Ẹja Kò Rí Bà Jẹ́

Àwọn ará wa tí wọ́n ń gbé ní Jẹ́bà, ní Lọ́kọ́jà àti ní agbègbè adágún Kainji mọ ẹja ńlá tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa, èyíinì ni erin inú omi. Wọ́n mọ òmíràn pẹ̀lú, èyí tí ara rẹ̀ ń dán bí fàdákà, tí eyín rẹ̀ sì yọ síta ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ẹja ẹgbẹ́ wọn ni oúnjẹ àwọn méjèèjì. Apẹja tí ó bá fẹ́ fi ìwọ̀ mú irú wọn ní láti ro ohun méjì: ohun tí yóò fi tàn wọ́n, àti bí ohun náà yóò ṣe bọ́ lẹ́nu wọn láìfaya.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn apẹja kan wà tí kì í fi ekòló tàbí ẹja wẹ́wẹ́ ṣe ìdẹ rárá. Ìyẹ́ adìyẹ, irun ẹran àti òwú ni wọ́n ń dì mọ́ ìwọ̀ títí yóò fi jọ kòkòrò tàbí ẹja kékeré. Eṣinṣin ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn, nítorí pé kòkòrò tí ń fò lójú omi ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣàfarawé. Iṣẹ́ onísùúrù ni. Ṣùgbọ́n bí ẹja eléyín bá gé e jẹ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí bí ìwọ̀ inú rẹ̀ bá dípẹtà, gbogbo làálàá náà di àgbésọnù.

Ní nǹkan bí ọdún 1945 ni ojútùú ìṣòro yìí jáde ní ìlú Aberdeen ní Skọ́tíláńdì. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Morawski, tí ó ń di irú ìdẹ bẹ́ẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Playfair, ni wọ́n kà sí ẹni tí ó kọ́kọ́ dá a. Dípò kí ó di ìyẹ́ àti irun mọ́ ìwọ̀, ó dì wọ́n mọ́ ọ̀pá ìyẹ́ tòlótòló tí wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀ dànù. Okùn yóò gba inú ihò náà kọjá, ìwọ̀ yóò sì wà ní ìdí okùn. Dókítà kan ni ó dámọ̀ràn lẹ́yìn náà pé túùbù tí àwọn oníṣègùn ń lò yóò dára ju ọ̀pá ìyẹ́ lọ. Ẹja sámọ́nì ni wọ́n fi ń pa ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ń lépa ẹja eléyín gba ọgbọ́n náà lò.

Ọgbọ́n náà kò le: ìdẹ kò bá ìwọ̀ ṣe ọ̀kan mọ́. Bí ìwọ̀ bá ti kọ́ ẹja lẹ́nu, ìdẹ lè yọ́ gun okùn lọ sókè, kúrò níbi tí eyín lè tó. Ìwọ̀ kúkúrú nìkan ni yóò kù lẹ́nu ẹja, kò sì ní rí ohun gígùn tí yóò máa fì títí ìwọ̀ yóò fi tú. Bí ìwọ̀ bá kújú, wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀, ìdẹ náà yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Èyí tí ń léfòó lójú omi ní ìlànà tirẹ̀. Oníṣẹ́ yóò gé túùbù ike líle tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6. Yóò ti abẹ́rẹ́ ńlá bọ inú rẹ̀ kí ó lè dúró ṣinṣin, yóò sì fi iná ìṣáná yọ́ etí rẹ̀ díẹ̀ kí òwú má baà yọ̀ kúrò. Irun gígùn ti ewúrẹ́ tàbí ti ìrù àgbọ̀nrín, pẹ̀lú ìyẹ́ ọrùn àkùkọ, ni yóò dì sí ẹ̀yìn láti ṣe ìrù. Fóòmù tí kì í mu omi ni ó kàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tí ó ti gbó tó bẹ́ẹ̀. Yóò gé e róbótó, yóò fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu àárín rẹ̀, yóò tì í bọ iwájú túùbù, yóò sì fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Rọ́bà rírọ̀ kékeré tí ó fi bọ ẹ̀yìn túùbù ni yóò di ojú ìwọ̀ mú, kí ìwọ̀ má baà máa rìn ségesège.

Bí iwájú fóòmù bá rí pẹrẹsẹ, yóò máa gbá omi, yóò sì máa dún gbọ̀mù nígbàkúùgbà tí okùn bá fà á. Bí ó bá rí ṣóńṣó, yóò máa yọ́ lọ jẹ́ẹ́. Jack Gartside, ará Boston ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó wa takisí rí tí ó sì kú ní 2009, gba ọ̀nà mìíràn: ó tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ lé ẹ̀yìn ìdẹ, ó sì jẹ́ kí etí rẹ̀ dìde níwájú bí ètè tí ń ti omi. Àwọn oníṣẹ́ ìdẹ oníhò ti ń lo àpẹẹrẹ yìí pẹ̀lú.

Ariwo náà kì í ṣe fún eré. Ìlà kan wà ní ìhà ẹja méjèèjì tí ó fi ń mọ bí omi ti ń mì. Bí omi bá ń mì bẹ́ẹ̀, ẹja ajẹjajẹ á rò pé ẹja kékeré kan ni ó ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀. Nítorí pé ìdẹ náà fúyẹ́, okùn wíwúwo ni wọ́n fi ń jù ú. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ lè máa wọ́ ọ tẹ̀lé ọkọ̀. Ẹni tí ó bá fa okùn kíá bí omi ti ta, lẹ́nu ẹja ni yóò ti já ìdẹ gbà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: kí ó dúró títí ìwúwo ẹja yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì. Túùbù ń gba ìdẹ là, kò gba okùn là. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ wà níbi tí okùn ti kan eyín. Bí ó bá jẹ́ okùn ọ̀rá lásán, yóò já, ẹja yóò sì gbé ìwọ̀ sá lọ. Ó sì lè kú sínú omi láìṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ń kó ìyá ẹja pọ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀. Ìwọ̀ kan kì í mú ju ẹja kan lọ, apẹja sì lè wò ó kí ó tó pinnu. Bí ó bá ti fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ náà mọ́lẹ̀, yóò rọrùn fún un láti yọ ọmọ ẹja tí kò tíì dàgbà, kí ó sì dá a padà sínú Odò Ọya. Èyí tí ó bá dá padà lónìí ni àwọn ọmọ yóò bá níbẹ̀ lọ́la.