Orúkọ Lórí Ìwé Ẹ̀bẹ̀: Àṣírí Olùdìbò Lábẹ́ Òfin Ìpínlẹ̀ Washington

Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ilé aṣòfin nìkan kọ́ ni ó ní agbára àtiṣòfin. Ní ìpínlẹ̀ Washington, bí òfin tuntun kò bá tẹ́ àwọn ará ìlú lọ́rùn, wọ́n lè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí a gbé e wá síwájú gbogbo olùdìbò, kí ìbò bẹ́ẹ̀-ni-tàbí-bẹ́ẹ̀-kọ́ sọ bóyá yóò dúró. Àwọn tí yóò tọwọ́ bọ ìwé náà gbọ́dọ̀ tó ìdá 4 nínú 100 iye ìbò tí a dì nígbà tí a yan gómìnà kẹ́yìn, olúkúlùkù yóò sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sí i. Ìbéèrè tí èyí bí ni pé, ṣé ìbò ni irú ìtọwọ́bọ̀wé bẹ́ẹ̀, tí òfin ń pa àṣírí rẹ̀ mọ́, tàbí iṣẹ́ ìlú ni, tí ojú gbogbo ènìyàn lè tó?

Ọ̀ràn náà di ti ilé ẹjọ́ ní 2009. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Gómìnà Christine Gregoire tọwọ́ bọ òfin kan tí ó fún àwọn alájọgbé tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, ní gbogbo ẹ̀tọ́ tí òfin ìpínlẹ̀ fún tọkọtaya, àfi orúkọ ìgbéyàwó nìkan. Ẹgbẹ́ Protect Marriage Washington kò fara mọ́ ọn. Ìtọwọ́bọ̀wé 120,577 ni òfin béèrè. Èyí tí wọ́n kó wá lé ní 137,000. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn fi béèrè fún ẹ̀dà ìwé náà, tí àwọn kan nínú wọn sì sọ pé àwọn yóò gbé orúkọ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ náà gba ilé ẹjọ́ lọ.

Òfin àkọsílẹ̀ ìjọba ti 1972 ni àwọn tí ó béèrè gbára lé. (Ẹ̀bẹ̀ àti ìbò àwọn ará ìlú ni ó bí òfin náà fúnra rẹ̀.) Ṣùgbọ́n òfin ìdìbò ìpínlẹ̀ kan náà sọ pé nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń yẹ ìtọwọ́bọ̀wé wò, aṣojú alátìlẹ́yìn àti ti alátakò lè dúró wò wọ́n, kìkì pé wọn kò gbọdọ̀ kọ orúkọ tàbí àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Òfin kan ṣí ilẹ̀kùn tí èkejì tì. Ìtakora yìí yẹ fún àkíyèsí ju ariwo tí ó bá ẹjọ́ náà rìn lọ, nítorí ó fi hàn pé ìpínlẹ̀ náà kò tí ì pinnu ohun tí ìtọwọ́bọ̀wé jẹ́.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 2010, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ *Doe v. Reed*. Adájọ́ 8 nínú 9 fẹnu kò pé ìpínlẹ̀ lè fi àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ hàn. Àlàyé Adájọ́ Àgbà John Roberts ni pé lóòótọ́ ni ìtọwọ́bọ̀wé jẹ́ ọ̀nà àtisọ èrò ọkàn ẹni, èyí tí ìwé òfin ilẹ̀ náà dáàbò bò, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ lè ṣe àṣìṣe, ẹni tí a sì fi èrú kọ orúkọ rẹ̀ lè má mọ̀ títí yóò fi rí i. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ fi àyè sílẹ̀: àwọn tí ó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé ó ṣeé ṣe kí a halẹ̀ mọ́ wọn tàbí kí a gbẹ̀san lára wọn lè rí ààbò, bí ẹgbẹ́ NAACP ti rí i ní 1958 nígbà tí Alabama fẹ́ gba orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà.

Adájọ́ Antonin Scalia lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ìgboyà ni ìṣèjọba ara ẹni ń fẹ́, àti pé ohùn ẹnu ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà fi ń dìbò ní àtijọ́. Ìtàn náà kò parọ́, ṣùgbọ́n kò gbè é tó bí ó ti rò. Ìbò ìkọ̀kọ̀ tí Massachusetts bẹ̀rẹ̀ ní 1888, tí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù sì tẹ̀ lé, kò ṣàdédé wáyé. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn agbanisíṣẹ́ àti àwọn alágbára ẹgbẹ́ òṣèlú ń ṣọ́ òṣìṣẹ́ ní ibùdó ìbò, tí àwọn mìíràn sì ń fi owó ra ìbò. Ẹni tí ìgboyà lè gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní i. Clarence Thomas nìkan ni kò fọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Lójú tirẹ̀, ìpínlẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn tí ó fi lè dènà èrú láìtú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ẹjọ́ náà padà sí Tacoma. Ní 2011, adájọ́ ibẹ̀ rí i pé ẹ̀rí ìhalẹ̀mọ́ni tí a kó wá kò tó, a sì fi àwọn orúkọ náà sílẹ̀. Ṣáájú èyí, ní oṣù kọkànlá 2009, àwọn olùdìbò ti fi ìbò gbe òfin àwọn alájọgbé náà lẹ́sẹ̀.

California gba ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìwé tí ẹnikẹ́ni lè béèrè fún. Bí ìtọwọ́bọ̀wé kò bá pé, àwọn tí ó kọ ẹ̀bẹ̀ náà ní ọjọ́ 21 láti wo àwọn tí a kọ̀ àti ìdí tí a fi kọ̀ wọ́n. Ètò yìí dáàbò bo ẹni tí ó tọwọ́ bọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹni tí a jí orúkọ rẹ̀ lò, tí ẹ̀bẹ̀ náà sì yege, kò ní ọ̀nà tí yóò fi mọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé kí a fi orúkọ hàn kí a sì bo àdírẹ́sì. Washington mọ ewu tí ó wà nínú àdírẹ́sì. Láti 1991 ni ìpínlẹ̀ náà ti ń fún àwọn tí wọ́n sá fún ẹni tí ń lù wọ́n nílé ní àdírẹ́sì mìíràn láti lò nínú ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì kan náà ni a fi ń mọ̀ bóyá orúkọ tí ó fara hàn lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ ti ènìyàn méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà, tàbí ti ẹnìkan ṣoṣo tí ó tọwọ́ bọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì.