Ìbéèrè Tí Tírà Kò Lè Dáhùn



Lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ kan ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tọ̀ mí wá ní ilé kéwú. Ilé iṣẹ́ kan ti kọ̀wé pè é fún íntáfíù, ó sì ní kí n bá òun ṣe tírà tí ẹnu òun yóò fi mú. Mo ní kí ó jókòó. Mo bi í pé, "Sọ nípa ara rẹ fún mi." Ó ka orúkọ ilé ìwé tí ó lọ, ó sì dákẹ́. "Alfa, ó tán nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ ni mo sì mọ̀ pé ọdún mẹ́rin ni ọmọ yìí fi bá ìyá rẹ̀ ṣírò owó ní ìsọ̀ àgbọn. Kò ka ìyẹn sí iṣẹ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí. Ní oṣù January 2023 ni a ṣí èbúté ọkọ̀ òkun Lẹ́kkí; ní May 22 ọdún kan náà ni a ṣí ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote, tí a kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Bí ọmọ wa kò bá mọ bí a ti ń dáhùn níwájú ọ̀gá tí ń gbani síṣẹ́, ẹnu géètì ni yóò máa dúró sí, tí yóò máa wo bọ́ọ̀sì tí ń kó ọmọ ẹlòmíràn wọlé.

Íntáfíù kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà tí ọba Íjíbítì pe Ànábì Yúsúfù, kò sọ pé kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ èyíkéyìí. Ó dárúkọ ilé ìṣúra, ó sì sọ pé òun lè pa á mọ́ àti pé òun mọ iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni a gbọ́ pé kí Ànábì Muhammad tó rán Muadh ọmọ Jabal lọ sí Yemen, ó bi í ní ohun tí yóò fi máa ṣe ìdájọ́. Muadh ní Kùránì ni. Ànábì tún bi í pé bí kò bá rí i níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ kíyè sí ìbéèrè kejì yẹn, nítorí òun ni ó ń tú ènìyàn wò. Ẹni tí ó bá ní òun mọ owó tọ́jú, wọn yóò bi í pé, "Ní ọjọ́ tí owó dín, kí ni o ṣe?" Kí ó ti ní ìtàn ọjọ́ náà lọ́wọ́, kí ó sì jẹ́ òtítọ́.

Bí wọ́n bá béèrè àléébù rẹ, má sọ pé iṣẹ́ àṣejù ni àléébù rẹ. Ọ̀gá ti gbọ́ ọ títí ó ti sú u. Sọ pé ọwọ́ rẹ kò tíì yá lórí kọ̀ǹpútà, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí o sì sọ ibi tí o ti ń kọ́ ọ. Bí wọ́n bá béèrè ìdí tí o fi kúrò níbi iṣẹ́ àtijọ́, má bú ọ̀gá rẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni, ẹni tí ń gbọ́ ọ yóò sì rò pé òun ni ó kàn. Lórí owó oṣù, ṣírò owó ọkọ̀ láti Ajah kí o tó jáde nílé, kí o sì rántí pé láti July 2024 ni òfin ti fi owó oṣù tí ó kéré jù sí 70,000 náírà.

Ti ọjọ́ Jímọ́ ni ó le jù. Àwọn kan a gbà pé àwọn kò ní jáde, lẹ́yìn náà wọn a máa yọ́ lọ kírun. Ẹ̀tàn ni. Sọ ọ́ tààrà pé ìwọ yóò ṣiṣẹ́ ní Jímọ́, o kàn ń tọrọ àkókò ìrun, ìwọ yóò sì san án padà ní àárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ béèrè bí híjáàbù yóò ṣe bá akoto àti ẹ̀rọ mu. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní June 17, 2022 jẹ́ ti ilé ìwé ìjọba ní Lagos. Ẹ má fi na ilé iṣẹ́ bí ẹgba.

Ọmọ náà kò gba tírà lọ́wọ́ mi. Mo ṣe àdúrà fún un, ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì padà jókòó. "Alfa, ẹ tún bi mí ní ti ọjọ́ tí owó dín."