Bí Eyín Òòyà Ṣe Ń Hù Lára Fíìmù Àtijọ́

Bí èèyàn bá fi tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní wo fíìmù Yorùbá tí wọ́n fi kámẹ́rà fídíò yà ní nǹkan bí ọdún 1995, òṣèré tó jókòó jẹ́ẹ́ á hàn kedere. Kó kàn dìde sáré báyìí, etí aṣọ rẹ̀ á hu eyín bí òòyà. Àwo DVD ni ọ̀pọ̀ máa ń dá lẹ́bi. Àwo kọ́.

Ìlànà PAL ni tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ń lò nígbà náà: àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámẹ́rà kì í sì í gba odindi àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà 1, 3, 5 ló kọ́kọ́ ń gbà. Lẹ́yìn ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá, á tún gba ìlà 2, 4, 6. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọ̀ngọ̀ náà ń tò wọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ojú ò fura. Ti pẹlẹbẹ ń tan gbogbo ìlà pọ̀. Bó bá lẹ ìdajì méjèèjì pọ̀ lásán, ẹni tó ń sáré á wà níbi méjì nínú àwòrán kan ṣoṣo.

Àtúnṣe rẹ̀ ò dọ́gba. Àwọn kan á ju ìdajì kan nù, wọ́n á na èyí tó kù. Eyín á lọ, iṣẹ́ ara aṣọ àti fọ́nrán irun á sì bá a lọ. Àwọn mìíràn á po méjèèjì pọ̀, òjìji á máa tẹ̀lé ẹni tó ń rìn. Èyí tó dára jù ni pé kí ẹ̀rọ lẹ ìdajì méjèèjì níbi tí nǹkan ti dúró sójú kan, kó sì fi ìlà tó wà nítòsí dí àlàfo níbi tí nǹkan ti ń rìn. QTGMC, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, ń ṣe é dáadáa. Ó lè mú odindi àwòrán 50 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àkókò nìkan ló ń jẹ.

Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Ìlànà NTSC wọn fẹ́ àwòrán bíi 30. DVD wọn ní ìlà 480, tiwa 576. Fíìmù wa tí wọ́n bá yí padà fún títà níbẹ̀ á pàdánù ìlà 96, á sì nílò àwòrán márùn-ún sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú á fi àwòrán kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, ìrìn òṣèré á sì máa kọsẹ̀.

Èyí tó dunni jù ni VCD, tí wọ́n fi ta ọ̀pọ̀ fíìmù wa. Àwòrán rẹ̀ ò ju 352 sí 288 lọ: ìdajì ìlà ti lọ. Bí ẹnìkan bá sọ ọ́ di DVD, 720 sí 576, á fẹ̀ sí i ni, kò ní mọ́ sí i. Kásẹ́ẹ̀tì ìpilẹ̀ṣẹ̀ tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe fíìmù ló yẹ ká wá lọ. Kí ẹni tó bá ń gbà á sórí kọ̀ǹpútà gba ìdajì méjèèjì bí wọ́n ṣe wà, kó tọ́jú ìyẹn, kó tó ṣe ẹ̀dà mìíràn tó máa gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì.