Ṣúgà tí ó fara pamọ́ sínú ẹ̀gẹ́: ìdí tí kò fi yẹ kí á kánjú yan gààrí

Bí oòrùn bá mú gan-an ní Ṣàgámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́, gààrí Ìjẹ̀bú tí a da omi tútù sí, tí a bu ṣúgà àti ẹ̀pà lé, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń sá tọ̀. Ṣúgà inú ife yìí ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣúgà mìíràn ti wà nínú ẹ̀gẹ́ kí á tó hú u lóko, òun ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lọ́sẹ̀ yìí.

Línámárìn ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Gúlúkóòsì ni, irú èyí tí ara wa fi ń ṣe agbára, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ti so èròjà tí ó lè di sáyánáìdì, májèlé paraku, mọ́ ọn lẹ́yìn. Ohun ìjà ẹ̀gẹ́ ni, kí kòkòrò àti ẹranko má baà jẹ ẹ́ run. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá ṣì wà ní odidi, línámárìn wà nínú yàrá tirẹ̀, ẹ́ńsáìmù tí ó lè tú u sì wà lára ògiri. Wọn kì í pàdé. Ìgbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́ ni ògiri náà wó, tí gúlúkóòsì bọ́ lọ́tọ̀, tí májèlé náà sì bọ́ lọ́tọ̀. Èyí gan-an ni a ń fẹ́, nítorí pé sáyánáìdì tí ó ti bọ́ kì í pẹ́ fẹ́ lọ: ìwọ̀n ooru 26 péré ni ó fi ń hó. Bí ẹ̀gẹ́ bá wà nínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan, tí omi rẹ̀ ń ro dànù, tí a sì yan án lórí iná dáadáa, èyí tí ó pọ̀ jù ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí àwọn tí ń rin ẹ̀gẹ́ lónìí tí wọ́n ń yan án lọ́la, nítorí àtitètè rówó. Òṣùwọ̀n Codex, tí àgbáyé ń tẹ̀lé, ni pé sáyánáìdì kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílógíráàmù gààrí kan.

Bí línámárìn tí kò tíì tú bá wọ ikùn ńkọ́? Gúlúkóòsì lásán ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lára ìfun, ẹ̀jẹ̀ a sì gbà á kíá. Ní ti línámárìn, apá kan a gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá láìyí padà, a bá ìtọ̀ jáde; apá kejì ni àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ń tú, tí májèlé rẹ̀ ń jáde sí wa lára. Ara a máa fi imí ọjọ́ tí ó wà nínú ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà sọ ọ́ di thiocyanate, tí a ń tọ̀ dànù. Ẹja díndín tí àwọn àgbà wa fi ń mu gààrí kì í ṣe ti adùn nìkan! Ṣùgbọ́n bí thiocyanate bá pọ̀ jù, a máa dí áyódìn lọ́wọ́, gẹ̀gẹ̀ a sì yọ.

Ní 1968, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn kọ nípa àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ ń ta, tí wọn kò lè dúró ṣinṣin, tí ojú àti etí wọn ń kú lọ, ó sì nàka sí ẹ̀gẹ́. Àríyànjiyàn kò tíì tán lórí èyí: ìwádìí tí ó jáde ní 2003 láti Ọṣọ́sà, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tí ó múlé tì wá, rí àrùn náà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rí pé sáyánáìdì ló fà á.

Ti Mozambique ní 1981 ni ó dá àwọn onímọ̀ lójú jù. Ọ̀dá dá, ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ló kù lóko, ènìyàn tí ó lé ní 1,000 sì rọ lẹ́sẹ̀. Konzo ni orúkọ àrùn náà. Àwọn ará ibẹ̀ mọ bí a ti ń sá ẹ̀gẹ́ kí ó tó ṣeé jẹ. Ebi ni kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró dè é.