Ẹni tó mọ ayò ta, Scrabble kò ní í ṣòro fún un

Ọ̀pọ̀ òbí ló jẹ́ pé bí wọ́n bá ti bá ọmọ wọn nídìí ọpọ́n Scrabble, ohun tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu wọn jáde ni pé, "Ṣé ìwé tí mo ní kó o kà nìyẹn?" Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń gba ọpọ́n náà, wọ́n á lọ fi í pamọ́ sórí àjà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, nílùú Perth lórílẹ̀-èdè Australia, ọmọ Nàìjíríà kan, Wellington Jighere, fi eré yìí kan náà di aṣíwájú lágbàáyé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló na Lewis Mackay, ará Gẹ̀ẹ́sì, ní àṣekágbá, ìyẹn kò sì rí i nà lẹ́ẹ̀kan. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ipò náà nínú Scrabble elédè Gẹ̀ẹ́sì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ta á? Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti jókòó nídìí ayò rí kò ní í pẹ́ mọ̀ ọ́n.

Alfred Butts, ayàwòrán-ilé kan ní Amẹ́ríkà, ló dá eré yìí sílẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ọ̀dá owó ọdún 1930 síwájú. Ojú ìwé ìròyìn ló ń wò, tó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde. Èyí tó pọ̀, irú E, ló fún ní máàkì kan péré. Èyí tó ṣọ̀wọ́n, irú Q àti Z, ló fún ní 10. Ọdún 1948 ni wọ́n tó sọ ọ́ ní Scrabble.

Ilé 225 ló wà lójú ọpọ́n náà, 15 ní ìbú, 15 ní òòró. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ 100: 98 ní lẹ́tà lára, méjì tó kù jẹ́ òfìfo. Ẹni tó bá mú òfìfo lè fi ṣe lẹ́tà tó bá wù ú, àmọ́ kò ní máàkì. Èèyàn méjì sí mẹ́rin ló lè ta á. Oníkálukú á ki ọwọ́ bọ àpò láìwo inú rẹ̀, á mú ọmọ méje, á tò wọ́n sórí pákó kékeré tó wà níwájú rẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà rí i.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ́kọ́ tò gbọ́dọ̀ gba orí ilé àárín, ilé yìí á sì sọ máàkì rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ ká lo OBA, ọ̀rọ̀ Yorùbá wa tó ti wọ inú ìwé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ta Scrabble. O jẹ́ 1, B jẹ́ 3, A jẹ́ 1. Ó di márùn-ún. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 10. Ẹni tó tò ó á mú ọmọ mẹ́ta mìíràn nínú àpò. Ẹnìkejì lè fi S sídìí rẹ̀ kó di OBAS, kó sì ti ara S yẹn kọ SALT lọ sísàlẹ̀. Láìka ilé aláwọ̀ tó ń sọ máàkì di púpọ̀, á gba mẹ́fà lórí OBAS, á tún gba mẹ́rin lórí SALT. S kan ṣoṣo ni, ó ti gba máàkì lọ́nà méjì.

Bí ẹnìkejì bá ta ko ọ̀rọ̀ kan tí kò sì sí nínú ìwé, ẹni tó tò ó á kó ọmọ rẹ̀, kò sì ní í rí nǹkan kan gbà. Ẹni tó bá ta ọmọ méjèèje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á gba 50 lé e. Bí àpò bá ṣófo tí ọmọ ẹnìkan sì tán, eré parí nìyẹn. Wọ́n á yọ máàkì ọmọ tó kù lọ́wọ́ ẹnìkejì kúrò nínú tirẹ̀, wọ́n á fi kún ti ẹni tó ta tirẹ̀ tán.

Ibi tí òpè ti ń yàtọ̀ sí ọ̀ta, bí wọ́n ti ń pè wọ́n nídìí ayò, nìyí. Òpè á máa wá ọ̀rọ̀ gígùn tí yóò fi hàn pé òun kàwé. Ọ̀ta á máa wo nǹkan méjì: ohun tó kù sí òun lọ́wọ́, àti ilé tí òun ṣí sílẹ̀ fún ẹnìkejì. Bí ilé pupa tó ń sọ máàkì ọ̀rọ̀ di ìlọ́po mẹ́ta bá wà nítòsí, kò ní í ta ohun tí ẹnìkejì yóò fi dé ibẹ̀. Kò ní í fi S tàbí òfìfo ṣòfò nítorí máàkì díẹ̀. Á fi wọ́n pamọ́ bí ẹni tó ń kó odù jọ nídìí ayò. Bí Q bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí U, QI á gbà á sílẹ̀. Ọgbọ́n yìí làwọn ọmọ Nàìjíríà fi lórúkọ: wọ́n mọ ọ̀rọ̀ gígùn, ṣùgbọ́n kúkurú ni wọ́n sábà máa ń ta. FELTY, ọ̀rọ̀ lẹ́tà márùn-ún tó mú máàkì 36 wá, wà lára ohun tí Jighere fi borí ní àṣekágbá.

A kò ní kí ọmọ pa ìwé tì. Àmọ́ ọmọ tó ń ta Scrabble ń kọ́ sípẹ́lì, ó ń ṣe ìṣirò, ó sì ń kọ́ sùúrù. Bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá lè jókòó tì í, kí wọ́n máa bá a ṣírò máàkì, kí wọ́n sì máa bi í lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá tò pé, "Kí lo ṣí sílẹ̀ fún un?" Ìbéèrè ayò náà nìyẹn.