Bóòtù Tó Bó Lórí: Ẹ Má Fi Agídí Tú U

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Gyel, Bukuru àti agbègbè ẹ̀, ọ̀rọ̀ bóòtù la mú wá lónìí. Ẹni tó bá rò pé kò kan òun, kó fara balẹ̀ gbọ́ ohun tójú wa rí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ọmọ Berom kan tá a jọ wà ládùúgbò gbé ẹ̀rọ tó fi ń fa omi wá sọ́dọ̀ ọmọ wa kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ihò kùsà tó ti di adágún ló ti ń fa omi náà sí oko kábéèjì ẹ̀. Ọmọ yìí tú bóòtù mẹ́ta, ìkẹrin kọ̀. Sípánà yọ̀, ó tún fagbára sí i, títí orí bóòtù fi di róbótó. Ló bá gbé ṣísẹ́lì, ó ń lù ú, ni ara ẹ̀rọ bá sán. Kábéèjì ń gbẹ lóko. Ẹ̀yin náà mọ ibi tá à ń gbé: ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti oníbàárà lè di ọ̀rọ̀ Yorùbá àti onílẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. A dáwó jọ, a ra ara ẹ̀rọ mìíràn, a sì lọ bẹ̀ ẹ́.

Àgbà mẹkáníìkì kan ló yẹ sípánà náà wò. Ìdajì ínṣì ni, ìyẹn mìlímítà 12.7, bẹ́ẹ̀ 12 ni orí bóòtù. Àlàfo kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí igun rẹ̀ fá. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló wa kùsà níbí (kuza ni Hausa ń pe tíìnì). Ọkọ̀ ojú irin kékeré láti Zaria dé Bukuru ní 1914, ínṣì sì ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀rọ wọn. Sípánà oníínṣì ṣì wà nínú àpótí àwa tá a jogún iṣẹ́, ṣùgbọ́n mìlímítà ni ẹ̀rọ Japan àti China.

Bí sípánà bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ dúró. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdógùn-ún kúrò, ẹ ta kẹrosíìnì tàbí dísù sí ìdí rẹ̀, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi hámà lu orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ìdógùn-ún lè já. Sókẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni kẹ́ ẹ lò, nítorí onígun méjìlá tètè máa ń yọ̀.

Tó bá ti róbótó, ẹ fi hámà gbá sókẹ́ẹ̀tì tó kéré díẹ̀ wọ̀ ọ́ lórí. Níbí gan-an ni ti ínṣì wá wúlò: 7/16 ínṣì jẹ́ mìlímítà 11.1, ó máa ń há mọ́ orí 12 tó ti fá. Tí kò bá gbà, ẹ fi fáìlì gé ẹ̀gbẹ́ méjì pẹrẹsẹ, kí fáìsì-gíríìpù lè dì í mú.

Tí gbogbo ìyẹn bá kùnà, ó di ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Ẹ kọ́kọ́ tú táńkì bẹntiróòlù kúrò, ẹ má ṣeré pẹ̀lú ìyẹn. Wẹ́dà á gbé nọ́ọ̀tì lé orí bóòtù, á jó wọn pọ̀ láti inú ihò nọ́ọ̀tì. Iná yẹn á já ìdógùn-ún, bóòtù á sì tún lórí tuntun. Àmọ́ alumíníọ̀mù ni ara ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ omi, ó ń yọ́ ní nǹkan bí 660 lórí ìwọ̀n Celsius, irin kì í yọ́ títí ó fi kọjá 1,400. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó na iná gáàsì tààrà sí ara ẹ̀rọ.

Ẹ ra bóòtù tuntun, kẹ́ ẹ sì fi gíríìsì pa á kẹ́ ẹ tó dá a padà.

Ẹgbẹ́ wa ti ra àpótí sókẹ́ẹ̀tì onímìlímítà kan, onígun mẹ́fà. Ilé akọ̀wé ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ yá a, kó wá kọ orúkọ sílẹ̀, kó sì dá a padà lọ́jọ́ kejì.