Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ibi tí lẹ́búlẹ́bú orí àgbàdo ti ń wá

Lẹ́búlẹ́bú tó ń bọ́ láti orí àgbàdo tó ti yọ òdòdó kì í ṣe eruku lásán. Inú àpò tín-ín-tìn-ìn-tín ló ti wá, mẹ́ta nínú òdòdó akọ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ẹranko ti máa ń ya sẹ́ẹ̀lì ìbímọ sọ́tọ̀ láti inú oyún. Ewéko kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dìgbà tó bá fẹ́ yọ òdòdó. Ta ló wá ń yan sẹ́ẹ̀lì tí yóò di ti ìbímọ? Ní 2012, Timothy Kelliher àti Virginia Walbot ti Yunifásítì Stanford fi hàn pé àìtó ọ́síjìn láàárín àpò yẹn ni. Ẹ ò rí nǹkan!

Sẹ́ẹ̀lì tí a yàn ní kúrómósómù 20. Yóò pín lẹ́ẹ̀mejì, yóò di spore mẹ́rin, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí yóò dàgbà di lẹ́búlẹ́bú, kúrómósómù 10 péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí wọn ká ló ń bọ́ wọn, tí wọ́n á sì kú kí lẹ́búlẹ́bú tó gbó tán.

Lọ́dọ̀ abo ńkọ́? Mẹ́rin náà ni, àmọ́ mẹ́ta á kú. Inú ẹyọ kan tó kù ni ẹyin tí yóò di ọlẹ̀ inú hóró àgbàdo ti ń jáde.